Ọjọ́ Ìbí Tí Wọ́n Kọ Sórí Ibojì Scott Joplin

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi wọ bọ́ọ̀sì M60 kọjá lẹ́bàá itẹ́ òkú St. Michael's kí n tó mọ ẹni tó sùn síbẹ̀. Harlem ní New York ni mo ti máa ń wọkọ̀, ní òpópónà 125. LaGuardia ni mo máa ń bọ́ sí, torí pápákọ̀ òfurufú yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru. Bọ́ọ̀sì á gun afárá RFK, á gba òkè erékùṣù Randalls àti Wards kọjá, á sọ̀ sí Queens, á wá máa tọ Astoria Boulevard lọ. Ibẹ̀ ni òkúta ibojì ti máa ń tò lọ rẹrẹ. N kì í wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Oorun ló máa ń wà lójú mi.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan ló là mí lójú. Mo máa ń tẹ dùùrù ní ìjọ wa ní Bronx, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé mélòó kan lẹ́yìn ìsìn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo ń fi “The Entertainer” na ọwọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀, ni ọmọ yìí bá pariwo pé, “Ọ́ńkù, orin ọkọ̀ áísìkirimù nìyẹn!” Òótọ́ ló sọ. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé ní ìlú yìí, orin yẹn ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ áísìkirimù fi ń pe àwọn ọmọdé jáde. Ó tún bi mí pé, “Ta ló kọ ọ́?” N kò mọ̀.

Ó dùn mí pé n kò mọ̀, nítorí orin náà ti bá mi gbé láti kékeré. Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ dùùrù, lọ́wọ́ bàbá kan tó tẹ dùùrù ìjọ wa fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Bàbá Onídùùrù ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwa ọmọ tí wọ́n ń kọ́. Orin ìjọ ni a máa ń kọ́ lójoojúmọ́, ní “dò rè mí”, àmọ́ tí a bá ti ṣe dáadáa, Bàbá á ṣí àpótí tí wọ́n ń jókòó lé, wọn á fa ìwé kan yọ. Òkè ìwé náà ti ya dànù. Kò sí àkọlé níbẹ̀, kò sí orúkọ ẹnì kankan. “Ẹ jẹ́ á ṣeré díẹ̀,” ni wọ́n máa ń wí. Ọwọ́ òsì wọn á máa lọ bíi ti ẹni tó ń gún iyán, ọwọ́ ọ̀tún á máa yọ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Orin òyìnbó ni gbogbo wa ń pè é. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi di àgbàlagbà, títí mo fi wá ń gbé nílùú tí ẹni tó kọ ọ́ kú sí.

Ọkùnrin adúláwọ̀ tí bàbá rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí ló kọ ọ́. Scott Joplin ni orúkọ rẹ̀. Giles, bàbá rẹ̀, jáde kúrò nínú oko ẹrú ní North Carolina. Florence, ìyá rẹ̀, ọmọ Kentucky, òmìnira ni wọ́n bí i sí. Ìlà oòrùn àríwá Texas ni wọ́n ti bí ọmọ náà, Texarkana, ìlú tó wà lórí ààlà Texas àti Arkansas, ló sì dàgbà sí. Ìyá rẹ̀ ń bá àwọn òyìnbó tọ́jú ilé, ó sì ń mú ọmọ dání; bí ìyá bá ń nu ilẹ̀, ọmọ á jókòó ti dùùrù onílé. Ìgbà tó tó ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ará Jámánì kan, Julius Weiss, gbọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí Weiss darúgbó, tí àìsàn àti òṣì dé bá a, Joplin ń fi owó ránṣẹ́ sí i. Lottie, ìyàwó tó fẹ́ kẹ́yìn, ló sọ èyí. Ìgbà tí mo kà á, mo gbé fóònù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fi owó ránṣẹ́ sí Bàbá Onídùùrù kí wọ́n tó lọ.

Ní Sedalia, ìlú rélùwéè kan ní Missouri, ni orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ ta sókè. Ó ń tẹ dùùrù ní Maple Leaf Club, ilé fàájì àwọn adúláwọ̀ ní East Main, ó sì ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní George R. Smith College. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1899 ló tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú John Stark, oníṣòwò ohun èlò orin, lórí “Maple Leaf Rag”. Sẹ́ǹtì kan ni yóò máa wọ àpò Joplin lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Ẹ má fojú kéré sẹ́ǹtì yẹn. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ tó bá kọ orin, ńṣe ni í tà á ní àtàpa, tí olùtẹ̀wé á máa jẹ èrè rẹ̀ lọ. Joplin kò ta tirẹ̀ ní àtàpa. Ẹ̀dà 400 àkọ́kọ́ gbà tó ọdún kan kó tó tán, owó tó sì bọ́ sí i lọ́wọ́ lórí rẹ̀ jẹ́ dọ́là mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni orin yẹn wá kárí Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ragtime, irú orin tí Joplin ń kọ, ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tí kò bá tíì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lè rò pé orin ẹ̀fẹ̀ ni. Ọwọ́ òsì kì í yẹ̀: ohùn ìsàlẹ̀, kọ́ọ̀dù, ohùn ìsàlẹ̀, kọ́ọ̀dù. Ọwọ́ ọ̀tún ni kì í gbà fún un. Ohùn tó yẹ kó bọ́ sórí ẹsẹ̀ orin gan-an, á yára ṣáájú rẹ̀, tàbí kó fà sẹ́yìn kó wá bọ́ sí àlàfo. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn onílù dùndún rí yóò mọ ohun tí mò ń wí. Gúdúgúdú àti kẹríkẹrì á dúró sí àyè wọn, ìyáàlù á máa sọ̀rọ̀ kọjá lórí wọn, kò sì ní dúró de ẹsẹ̀ wọn. N kò sọ pé ilẹ̀ wa ni Joplin ti rí tirẹ̀. Etí ara mi ni mò ń ròyìn. Etí yẹn ló jẹ́ kí àwa ọmọdé Abẹ́òkúta mọ ibi tó yẹ ká ti jórìn nínú orin tí a ń pè ní ti òyìnbó.

Joplin tún ń kìlọ̀ lórí àwọn ìwé orin rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ̀ ẹ́ kíákíá, pé kò tọ́ rárá kí a máa sá ragtime. Ìkìlọ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀. Wọ́n ń fi orin rẹ̀ ta ọtí, wọ́n ń fi í díje ẹni tó yára jù, òun sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra, kí etí lè gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀.

Ó kó lọ sí St. Louis, ibẹ̀ ló wà nígbà tí “The Entertainer” jáde ní 1902. Ní 1903 ó kọ eré olórin kan, A Guest of Honor, lórí oúnjẹ tí Ààrẹ Roosevelt pe Booker T. Washington, olùkọ́ adúláwọ̀ tó lókìkí, wá jẹ ní White House. Ìwé orin náà sọnù, wọn kò sì rí i di òní. Ní 1904 ó fẹ́ Freddie Alexander. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbéyàwó, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró pa ìyàwó náà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Joplin ti bí ṣáájú ìgbà yẹn, ọmọ ọwọ́ ni ọmọ náà nígbà tó kú. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ, ni àwọn àgbà wa wí, kò sì sí ọmọ tí yóò sin Joplin.

Ní 1907 ó dé New York, Treemonisha, eré olórin mìíràn, sì ni ẹrù tó gbé wá. Oko kan ní Arkansas, nítòsí Texarkana, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Monisha àti Ned ọkọ rẹ̀ ń wá ọmọ. Obìnrin náà rí ọmọ jòjòló kan lábẹ́ igi níwájú ilé wọn, ó sì tọ́ ọ bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Orúkọ ara rẹ̀ ló sọ ọ́. Nígbà tó sì rí i pé abẹ́ igi yẹn ni ọmọ náà fẹ́ràn láti máa ṣeré, ó fi “tree”, ìyẹn igi, ṣíwájú orúkọ náà. Lọ́jọ́ tí ọmọ fẹ́ já ewé igi yẹn fi ṣe adé bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyá ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, igi ọ̀wọ̀ ni. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá mi ì bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Treemonisha nìkan ló mọ̀wé láàárín wọn. Àwọn tó ń ta oògùn oríire gbé e lọ torí ó ń ba ọjà wọn jẹ́. Nígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ tán, òun gan-an ló ní kí wọ́n dárí ji àwọn tó gbé e. Gbogbo àdúgbò wá bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe olórí àwọn. Ọ̀dọ́bìnrin ni, adúláwọ̀ ni, ìwé náà sì jáde ní 1911, ọdún mẹ́sàn-án kí òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó gbà kí obìnrin máa dìbò. Ojú ewé 230. Owó ara Joplin ló fi tẹ̀ ẹ́. Kò rí ẹni tó máa gbé e sórí ìtàgé. Ní 1915 ó kó àwọn akọrin jọ sí Harlem, kò sí aṣọ eré, kò sí àwọn olùfọnfèrè. Òun nìkan ló jókòó ti dùùrù tó ń tẹ orin gbogbo wọn. Àwọn tó wá wò ó kò rí ohun tó rí.

Àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára nígbà náà, syphilis, àrùn ìbálòpọ̀ kan, tó ti dé ọpọlọ. Ìka tó kọ “Maple Leaf Rag” kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1917 wọ́n gbé e lọ sí Manhattan State Hospital ní erékùṣù Wards, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, Amẹ́ríkà wọ ogun àgbáyé. Wọ́n sin ín sí St. Michael's ní ibojì àwọn tálákà, láìsí òkúta kankan. Lottie sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ọkọ òun bẹ òun pé kí wọ́n tẹ “Maple Leaf Rag” níbi ìsìnkú rẹ̀, pé òun kọ̀, àti pé òun kábàámọ̀ rẹ̀ títí.

Ìgbà tí mo kà á débí, mo gbọ́ orúkọ erékùṣù yẹn lórí mi bíi pé ẹnì kan pè é. Erékùṣù Wards. Ọkọ̀ tí mò ń wọ̀ ń kọjá lórí ibi tó ti gbẹ́mìí mì, ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn náà á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ọdún mẹ́ta. Àlọ àti àbọ̀.

Mo lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo jáde níbi iṣẹ́. Mo ní kí n béèrè ní ọ́fíìsì, ẹni tó wà níbẹ̀ kò sì jẹ́ kí n pe orúkọ náà parí tó fi nawọ́ sí ọ̀nà. Mo ti ń retí ohun gíga, ère bóyá. Àwo idẹ ni mo bá, pẹlẹbẹ nínú koríko. Ẹni tí kò bá wolẹ̀ lè kọjá lórí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé “American Composer”, ẹni tó ń dá orin sílẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ méjì: 24 oṣù Kọkànlá 1868, àti 1 oṣù Kẹrin 1917. Mo fi ìka nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú àwọn lẹ́tà náà. Ọkọ̀ òfurufú ń sọ̀ kalẹ̀ lókè orí mi lọ sí LaGuardia, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

Ọjọ́ ìbí yẹn kò tọ̀nà. Ní oṣù Keje ọdún 1870, àwọn tó ń ka ènìyàn fún ìjọba dé ilé Giles Joplin ní Texas, wọ́n sì kọ Scott sílẹ̀ bí ọmọ ọdún méjì. Ẹni tí wọ́n bá bí ní oṣù Kọkànlá 1868 kò tíì ní pé ọdún méjì nígbà yẹn. Àwọn olùwádìí wá ń fi ìbí rẹ̀ sí àárín ọdún 1867 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1868. Ta ló sì fẹ́ mọ ọjọ́ náà ní pàtó? Ọdún méjì tàbí mẹ́ta péré ni òmìnira ṣì pé nílẹ̀ Texas. Kò sí ẹni tó ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba.

Ó rọrùn fún ọmọ Yorùbá láti gbọ́ èyí láìyà á lẹ́nu. Mélòó nínú àwọn òbí wa ló mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn? Ọdún tí odò kún, ọdún tí ọba wàjà, ìyẹn ni a fi ń kà á. Tí iṣẹ́ ìjọba bá wá dé, a lọ sí kóòtù, a búra, a mú ọjọ́ kan. N kò fẹ́ kí wọ́n fi àṣìṣe náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣá o. Wọ́n lè yọ ọjọ́ náà, kí wọ́n kọ ọdún nìkan, kí wọ́n sì sọ pé nǹkan bí ọdún yẹn ni. Irọ́ tó bá wà lórí idẹ ń pẹ́ ju èyí tó wà lẹ́nu lọ.

Nípa ti ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ orúkọ náà, n kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Gbogbo ohun tí Joplin fi ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ jà fún ni kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ọba ragtime, inú rẹ̀ dùn sí i, àmọ́ ó mọ̀ pé oyè ilé ọtí ni àwọn tó fi í jẹ ẹ́ kà á sí.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló fi wà níbẹ̀ láìní àmì. Nílé wa, kò ní jẹ́ ohun ìbànújẹ́ tó bẹ́ẹ̀. À ń sin àgbà sínú ilé rẹ̀, àwọn ọmọ ń rìn kọjá lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, oríkì sì ń pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò nílé, tí kò lọ́mọ, tó kú sí ilé ìwòsàn ìjọba, òkúta ni ì bá ṣe oríkì fún un. Ní 1970, Joshua Rifkin, atẹdùùrù kan, gbé àwo àwọn orin Joplin jáde, ó sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́, bí Joplin ṣe bẹ̀bẹ̀. Ní 1972 wọ́n ṣe Treemonisha lórí ìtàgé ní Atlanta. Ní 1973 fíìmù The Sting lo orin rẹ̀, fíìmù náà gba Oscar ní 1974, ọdún kan náà sì ni ASCAP, ẹgbẹ́ tó ń gba owó orin fún àwọn tó kọ ọ́, gbé àwo idẹ yìí sí i lórí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ó ń dùn mí pé ìgbà tí orin òkú yìí pa owó tó pọ̀ tán ni ẹnì kan tó bi í pé ibo lo sùn sí.

Láti ìgbà náà, àmì ti pọ̀. Ẹ̀bùn Pulitzer dé ní 1976, sítáǹbù dé ní 1983. Ilé tó gbé ní St. Louis, lórí òpópónà tí wọ́n ń pè ní Delmar báyìí, di ibi ìtàn tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀. Wọ́n wó Maple Leaf Club ní tirẹ̀, àmì ló kù níbẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí dára. Mélòó kan nínú wọn ni n kò tíì fojú rí, n kò sì ní ṣe bíi pé mo rí wọn.

Mo lo “The Entertainer” fún ọmọ ìjọ wa lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo sì kọ orúkọ Joplin sókè ìwé rẹ̀ pẹ̀lú bírò kí a tó fọwọ́ kan dùùrù. Ó ní ó ń lọ́ra jù. Mo ní bí ẹni tó ni ín ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni àkọ́bí Bàbá Onídùùrù pè mí láti Abẹ́òkúta. Ọdún kẹjọ nìyí tí Bàbá ti lọ, àwọn ọmọ ti dáwó jọ, wọ́n fẹ́ gbé òkúta sórí ibojì wọn.

“Ìwọ lo sún mọ́ wọn jù nídìí dùùrù yẹn,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ọjọ́ wo ni ká kọ? Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ló wà nínú ìwé iṣẹ́ wọn, gbogbo wa la sì mọ̀ pé wọ́n kàn mú un ni. Ìgbà eéṣú ni Ìyá Àgbà máa ń sọ.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ìgbà eéṣú.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa bínú. “Kí la wá máa kọ sábẹ́ orúkọ?”

“Onídùùrù, mà. Ẹ má fi nǹkan mìíràn kún un.”

Wọ́n ní àwọn yóò bá àwọn àbúrò sọ ọ́. Mo wá bi wọ́n nípa àpótí ìjókòó Bàbá. Wọ́n ní ó wà nínú yàrá ẹ̀yìn, àwọn ìwé ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ṣàpèjúwe ọ̀kan fún wọn, èyí tí òkè rẹ̀ ti ya. Mo gbọ́ tí wọ́n ń tú ìwé, ó pẹ́ díẹ̀, ni wọ́n bá ní, “Ó wà níbí o.” Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú bírò. Wọ́n ní kí n pe orúkọ náà fún àwọn ní lẹ́tà lẹ́tà, mo sì pè é.